Ajá Kékeré Abẹ́ Ahéré Kẹta

                                        Ilé Àlejò Nawfar,
                                        Ulle, Arugam Bay,
                                        Pottuvil, Sri Lanka.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013.

Nisa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo jókòó tán, mo tún ń kí ọ. Báwo ni Doha? Oòrùn tó ń dín ènìyàn bí ẹja yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ìyá àgbà tí ò ń tọ́jú nínú ilé yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Àwọn ọmọ rẹ wà dáadáa. Mo yà lọ́dọ̀ ìyá rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀. Èyí obìnrin ti ká eyín iwájú, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sunkún rárá. Irọ́ ni, ó sunkún, mo wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ní owó tó o fi ránṣẹ́ dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́.

Ọwọ́ Umma Rahila tó ń padà sí Doha ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ìyá ọkọ mi ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń mí nínú omi, o sì mọ̀ pé ọ̀gá rẹ obìnrin a máa dúró tì ọ́ bí o bá ń sọ̀rọ̀.

Nisa, ẹ̀rù bà mí. Ó di ọjọ́ kọkàndínlógún lónìí, ẹ̀rù náà kò tíì kúrò nínú ikùn mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀, ọmọbìnrin òyìnbó kan dé ọ̀dọ̀ wa. Ilze ni orúkọ rẹ̀, láti ìlú kan tó ń jẹ́ Latvia, níbi tí òkun tiwọn a máa di yìnyín. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ga jù ú lọ, bàtà rẹ̀ sì ti já, ó fi okùn so ó. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá a ní ahéré tí kò ní fáànù, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Nawfar, ọkọ mi, dá a lóhùn pé, “Èyí tí kò ní fáànù wà. Èyí tí kò ní ògiri náà wà bó o bá fẹ́.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó gba ahéré kẹta. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sínú òkun ní ìlú tó ti ń bọ̀, kò sì ní owó láti ra òmíràn. Nínú ìwé àlejò, “Ilze” nìkan ló kọ. Ó yẹ kí n gba nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wà lórí iná, mo ní kó má ṣèyọnu.

Láàrín ọjọ́ mẹ́ta, ajá kékeré kan ti ń tẹ̀lé e láti ibi tí àwọn apẹja ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí. Ó pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Rótì ni Ilze sọ ọ́, nítorí pé rótì òwúrọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí jẹ. O mọ ìyá ọkọ mi àti ọ̀rọ̀ ajá. Ó fi ìgbálẹ̀ lé e títí apá fi ro ó. Ó ní, “Itọ́ ajá nínú ọgbà tí mo ti ń kírun? Kí n kú ná!” Ni Ilze bá ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ ahéré kẹta. Gbogbo wa mọ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ibi tí mo ti ní láti jẹ́wọ́ nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, tí Ilze wà létí òkun, ajá náà wọ́ wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo da mílíìkì inú agolo díẹ̀ sínú èèpo àgbọn, mo gbé e fún un. Ó lá a tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ mi. Ohun tí mo fi ń họ àgbọn ti gé mi ní àtàǹpàkò òsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọgbẹ́ ṣì tutù. Mo jẹ́ kó máa lá a. Ahọ́n rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lọ, mo máa fọ ọwọ́ mi nígbà méje, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéú, mo sì máa gbé agolo padà sí ibi tó wà. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn àlejò pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ajá!

Ní ọjọ́ Sátidé, ajá náà yí padà. Orí ẹja kan há sí i lẹ́nu, Ilze fẹ́ bá a yọ ọ́, ló bá gbó mọ́ ọn, ó sì gé e jẹ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀. Ojú eyín méjì péré ni, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò kún ṣíbí. Ilze rẹ́rìn-ín, ó ní eré ló ń bá òun ṣe, ó lọ fi omi òkun ṣan án. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, a kò rí ajá mọ́.

Ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó là dáadáa, Ilze dì mọ́ wa, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ àkọ́lọ. Ìyá ọkọ mi di ẹyin sísè mẹ́ta fún un. Mo bi í pé níbo ló kù. Ó ní ọ̀nà Ella, níbi àwọn òkè, lẹ́yìn náà ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé òun dé.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo ń gbálẹ̀ ahéré kẹta lọ́wọ́ nígbà tí alùpùpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Sivapalan ni, wolé-wolé. Kò bọ́ akoto rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo sì ti mọ̀ pé kò dára.

Ó ní, “Ajá pupa kékeré kan, ẹlẹ́sẹ̀ funfun, wọ́n ní ọgbà yín ló ń sùn.”

Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn kí n tó lanu, “Ajá kì í sùn nínú ọgbà mi!”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó gé Haniffa apẹja jẹ lọ́jọ́ Àìkú, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ajá náà kú lọ́jọ́ Ajé. A gbé orí rẹ̀ lọ sí Colombo fún àyẹ̀wò, èsì dé láàárọ̀ yìí. Dìgbòlugi ni. Haniffa ti wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ta ló tún fọwọ́ kàn án níbí?”

Nisa, ṣé o rántí Bàbá Cassim tó ń ta yìnyín, tí dìgbòlugi pa nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin? Ṣé o rántí pé a yọjú lójú fèrèsé wọn, tí ìyàwó rẹ̀ gbé ife omi wọlé, tí ọ̀fun ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n gbé iná síwájú rẹ̀? Ẹni tó ti ń fọwọ́ kó yìnyín láti kékeré. Òun ni mo rí. Wolé-wolé ń sọ̀rọ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá Cassim ni mò ń gbọ́.

“Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ajá nínú ilé mi,” ni ìyá ọkọ mi tún wí.

Mo ní, “Àlejò wa kan. Ó gé e jẹ lẹ́sẹ̀. Ó ti wọkọ̀ láàárọ̀ yìí.”

“Ẹlòmíràn ńkọ́?”

Mo wo ìyá ọkọ mi. Mo wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi. Mo ní, “Kò sí.”

Báyìí ni mo ṣe wí, Nisa. Mo fi àtàǹpàkò mi pamọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ mi, mo ní kò sí. Ìtìjú ló dì mí lẹ́nu mú. Mo ń rò ó pé ojú wo ni màá fi wo obìnrin yẹn bó bá gbọ́ pé mílíìkì rẹ̀ ni mo fi ń bọ́ ajá.

Wolé-wolé ní bí àrùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú rẹ̀, ẹni náà máa yè, nítorí náà kò sí wákàtí tó ṣeé fi ṣòfò. Ó bèèrè nọ́ńbà fóònù Ilze, kò sí. Ó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀, kò sí. Ó ní òun máa pe àwọn ọlọ́pàá Monaragala, ṣùgbọ́n kí ni òun máa ní kí wọ́n wá? Òyìnbó onírun bí koríko gbígbẹ? Ogún wọn ló wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lásìkò yìí. Àfi kí ẹni tó mọ ojú rẹ̀ lọ.

Nawfar ti gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí wolé-wolé tó parí ọ̀rọ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn, a gbéra. Monaragala ni èrò tó ń lọ sí Ella ti ń pààrọ̀ ọkọ̀. Bí Ilze bá fi lè kúrò níbẹ̀, ó parí nìyẹn, ó ti wọ inú ayé.

Ọ̀nà yẹn kò tíì gùn tó báyìí rí. Mo ń gbé itọ́ mì láti wò bóyá ó ń lọ. Ó ń lọ. Mo tún gbé òmíràn mì. Nígbà tí a dé Lahugala, Nawfar ṣàdédé tẹ bíréèkì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Erin kan dúró sí àárín ọ̀dà, akọ, òun nìkan. O mọ̀ pé èyí tó bá dá nìkan rìn ni a ń sá fún. Nawfar sọ lábẹ́ ètè pé, “Má mira.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àyátúl-Kúrúsí. Erin náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ ń fẹ́ bí ìgbòkun. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó na ọwọ́jà rẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó ń fa èémí, èémí náà gbóná lójú mi, ó rùn bí koríko tó rà. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá báyìí ló sàn, ikú kíákíá, kì í ṣe ti Bàbá Cassim. Àánú Nawfar sì ṣe mí, pé kò mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Erin náà gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Nawfar rà fún ilé, ó yípadà, ó wọ igbó. Nawfar gbìyànjú láti ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é kó tó jí.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Monaragala, ọkọ̀ Ella ti lọ. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ó ti tó ìṣẹ́jú ogójì, òyìnbó sì kún inú rẹ̀. Mo di òpó kan mú. Nawfar ní ká máa lé e lọ, mo ní kẹ̀kẹ́ yìí kò lè gun òkè bá ọkọ̀. A ṣì ń jiyàn nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí bàtà tí wọ́n fi okùn so.

Ilze ni, lẹ́yìn ẹni tó ń ta àgbọn mímu. Ó jókòó lé báàgì rẹ̀, ó ń jẹ ẹyin ìyá ọkọ mi. Ọmọ ọkọ̀ aládàáni ti ní kó san owó ìjókòó kan fún báàgì rẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun á dúró de ọkọ̀ pupa ti ìjọba. Ìwà ahun rẹ̀ tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló dá a dúró fún mi.

Ó fò dìde. “Ìyá Ilé! Ṣé mo gbàgbé nǹkan ni?”

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó gbọ́, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú fún Rótì pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ sókè. “Wò ó, ó ti jinná. Ajá kékeré ni. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ti ọ̀la.”

“Ọmọ mi, dìgbòlugi ni.”

“Mi ò ní owó ilé ìwòsàn, Ìyá Ilé. Ṣé o mọ̀ pé ẹyin yìí ni oúnjẹ mi títí dalẹ́?”

Nawfar ní ti ìjọba ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ó fi kún un pé, “Ìbọn ní apatí, kò ní apatí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?” Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn ní gẹ̀ẹ́sì etí òkun? Àsìkò náà gan-an ni ọkọ̀ pupa wọlé. Ilze fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní bí òun bá dé Kandy òun á lọ rí dókítà. Ó gbé báàgì kọ́.

Mo di okùn báàgì náà mú. Ó fà á, mo fà á. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá, obìnrin kan ní, “Kí ló jí?” Ọmọ ọkọ̀ ń lu ara ọkọ̀ pé kí wọ́n máa wọlé. Mo rí i pé ó máa lọ. Mo bá na àtàǹpàkò mi síwájú ojú rẹ̀.

Mo ní, “Mo fún un ní mílíìkì. Ó lá ojú ọgbẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí mo sọ fún. Ọkọ mi tó dúró yìí, ìsinsìnyí ló ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè dá lọ. Bó o bá wọ ọkọ̀ yìí, èmi náà á padà sílé, màá tún máa sọ pé kò sí nǹkan.”

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lójú ọmọ náà. Ó wo ìka mi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rọra sọ báàgì kalẹ̀. Ọkọ̀ pupa lọ. Mi ò lè wo ẹ̀yìn mi, nítorí Nawfar. Ó wá síwájú, ó gbé ọwọ́ mi, ó ń yí àtàǹpàkò náà bí ẹni tó ń wo ohun tí kò rí rí. “Ìwọ náà, Mizriya?” Ó fi aṣọ ìnujú nu ojú ara rẹ̀, ó lọ ṣíná sí kẹ̀kẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin méjì, ajá kan?” Ó ní fífọ̀ tí mo ń fọ ọwọ́ ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yí ojú ọgbẹ́ ká ni kí Ọlọ́run má fi hàn ọ́. Ilze di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó fún un débi pé òrùka mi wọnú ẹran. Èmi ń ké “Yáà Allah,” òun ń pe ìyá rẹ̀ ní èdè wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la máa gbà á láàrín oṣù kan. Ibẹ̀ ni ìrìn-àjò Ilze parí sí. A gbé e padà sí ahéré kẹta, kò sanwó, ó ń bá mi họ àgbọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, mo ti kúnlẹ̀ de èébú. Ó ní, “Mílíìkì yẹn, eku ni mo ti ń ṣépè fún.” Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń sunkún lórí ẹní ìkírun. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó bọ́jú, ó ti dúró níwájú mi pẹ̀lú ife omi. “Mu ún.” Ó ń wo ọ̀fun mi títí mo fi mu ún tán. Ó rọ òmíràn, ó gbé e lọ bá Ilze. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, kò sọ ìdí, a kò sì bi í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, omi gba ibi tí kò yẹ. Mo húkọ́, ó gba imú mi jáde, ọ̀fun mi sé. Àwo kan bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, kò bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Nawfar dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ilze fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èmi fúnra mi rò pé ó ti dé. Mo gbé ife náà, mo rọ omi kún un, mo sì mu ún, mo tún rọ òmíràn, mo mu ún títí ikùn mi fi le. Ó lọ. Ó lọ geere. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ láàrín àfọ́kù.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin la ti gbà, ó ku ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní ká fọkàn balẹ̀. Haniffa náà ń gba tirẹ̀, ó ti padà sójú omi. Orí mi gbà pé a ti là á, ṣùgbọ́n ikùn mi kò tíì gbọ́.

Nawfar kí ọ. Ìyá ọkọ mi kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ìrun. Ilze, tí kò mọ̀ ọ́ rí, ní kí n kí “ọ̀rẹ́ tó ń gba lẹ́tà gígùn.” Bá mi kí ìyá àgbà tí ò ń tọ́jú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, mo rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n di aṣọ funfun mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Ìyá rẹ ní o sọ pé ológbò àgbàlá kan ló gé ọ jẹ, pé kò sí nǹkan. Nisa, ológbò náà máa ń ní dìgbòlugi. Ológbò ta ni? Ṣé ó ṣì wà láàyè? Ta lo sọ fún? Mo mọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ò ń bẹ̀rù kí ọ̀gá rẹ má bínú lé ọ padà. Jẹ́ kó lé ọ. Ẹni tí wọ́n bá lé wá sílé, ó délé náà ni. Bó o bá ka ibí yìí tán, má kọ èsì sí mi. Dìde, wọ bàtà, kí o sì lọ fi ọwọ́ yẹn han dókítà.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéú,
Mizriya.